Ṣé wọ́n máa gbé dókítà fámílì wá sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wa ni?

Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Óṣogbo rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà. Oṣooṣù la máa ń gbé wọn lọ sí Teaching, ọsibítù ńlá tó ń kọ́ dókítà. Ìdájí la ti ń jáde nílé, ọ̀sán ti pọ́n kí dókítà tó rí wa, kò sì ní bá wọn sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, tó bá di oṣù tó ń bọ̀, dókítà mìíràn la máa bá níbẹ̀, a tún máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, àmọ́ nọ́ọ̀sì àti CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, nìkan ló wà ńbẹ̀. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba àtàwọn dókítà fámílì fẹ́ jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ kí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lè dáa. Ṣé wọ́n máa gbé dókítà wá síbẹ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ òṣèlú náà ni?"

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ jẹun ọmọ. Ẹ má bínú tí ìdáhùn mi bá gùn, ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ wa.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kúrú. Rárá, mi ò rò pé wọ́n máa gbé dókítà kan jókòó sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ká sì sọ tòótọ́, kò pọn dandan. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ètò ìjọba sì ni pé ó kéré tán kí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan tó ń ṣiṣẹ́ gidi wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Níbo la ti fẹ́ rí dókítà fámílì 332 nígbà táwọn tá a ní lọ́wọ́ ń jápa lọ sí UK àti Saudi? Ohun tó ṣeé ṣe, tí èmi ń pariwo rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, ni pé kí dókítà fámílì kan máa bójú tó hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mẹ́rin sí márùn-ún, kí orúkọ àwọn èèyàn tó wà lábẹ́ ẹ̀ wà nínú ìwé, kó sì jẹ́ pé àwọn èèyàn yẹn ni owó tí ìjọba ń san fún un ń tẹ̀ lé. Tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba àtàwọn dókítà fẹ́ "jọ ṣiṣẹ́ pọ̀" tí ẹ ò gbọ́ nǹkan mẹ́ta yìí ńbẹ̀, fọ́tò ni wọ́n fẹ́ yà.

Ta tilẹ̀ ni dókítà fámílì? Àwọn kan rò pé dókítà tí olówó kan gbà sílé ni, àwọn mìíràn rò pé dókítà tí ò ríbi lọ nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ abẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, tó ṣe háúsù jọ́ọ̀bù, tó sìnrú ìlú, ó tún máa ṣe rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti di àgbà dókítà, fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán, á yí gbogbo wọ́ọ̀dù po, ti ọmọdé, ti aláboyún, ti iṣẹ́ abẹ, ti àrùn ọpọlọ, kó tó jókòó ṣèdánwò National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Physicians. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, SOFPON la ń pè é. Dókítà ọkàn á wo ọkàn, dókítà ojú á wo ojú, dókítà fámílì ló máa rántí pé màmá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ló ń ra diclofenac ní kẹ́místì nítorí orúnkún, tí diclofenac ọ̀hún sì ń gbé BP wọn sókè, tó tún lè ba kíndìnrín jẹ́, tí wọ́n tún ń mu àgbo lé e, tí ọmọ tó ń ra oògùn fún wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù iṣẹ́ loṣù tó kọjá. Kò sí ẹ̀rọ tó ń rí ìyẹn. Ẹni tó ti mọ̀ yín tipẹ́ ló ń rí i.

Ó wá ṣeni láàánú pé irú dókítà yìí, tí wọ́n kọ́ láti wà nítòsí ilé èèyàn, inú ọsibítù ńlá ló pọ̀ sí. Lọ sí Teaching UNIOSUN, tí àwa ará Òṣogbo ṣì ń pè ní LAUTECH, àwọn dókítà fámílì lẹ máa bá ní GOPD, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí aláìsàn, tí wọ́n ń wo ibà, ikọ́, ẹ̀yìn dídùn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ò ní wàhálà, nǹkan tó yẹ kó ti parí sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ayétòrò. Àwọn tó kù wà ní ọsibítù aládàáni. Ìdí nìyẹn tí ìlà yín fi gùn. Àwọn èèyàn sá fún hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà torí kò sí dókítà ńbẹ̀, dókítà náà ò sì lè kúrò ní Teaching torí èrò ti kún un lọ́wọ́.

Báwo la ṣe débí? Lọ́dún 1978, àwọn orílẹ̀-èdè ṣèpàdé ní Alma-Ata, wọ́n fẹnu kò sórí ètò ìlera alábọ́dé, pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta, dókítà àwọn ọmọdé, tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló gbé e wọ ìjọba ìbílẹ̀ nílẹ̀ yìí, ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló fi bẹ̀rẹ̀. Torí pé dókítà ò pọ̀, CHEW àti CHO, ìyẹn ọ̀gá wọn nínú iṣẹ́ ìlera àdúgbò, ni wọ́n kọ́ láti dúró níwájú, wọ́n sì fún wọn ní ìwé ìlànà tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, fún ìyá tó ń rọbí. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò lè bú u láé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa wá nígbà yẹn, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, ìrọbí, tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀, ó tán. Èyí tó ń pa àwọn ìyá àti bàbá wa báyìí kì í tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà, èèyàn ń gbé e kiri títí ayé ni, oògùn lè máa ṣe é dáadáa lọ́dún yìí kó má ṣe é mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń wo ìwé ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ tó sì lè pààrọ̀ oògùn láì bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni CHEW ti ń nílò ẹni tó lè gbára lé. Ètò ti 1980s fi àlàfo yẹn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó dí i títí dòní.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà náà ò jẹ́ kó rọrùn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin ní kó jọ máa ṣe é pẹ̀lú ìpínlẹ̀, àjọ NPHCDA, ti ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera alábọ́dé, wà l'Ábújá, board ìlera alábọ́dé wà ní ìpínlẹ̀, ewúrẹ́ tí èèyàn mẹ́ta jọ ni sì rèé, ebi ló máa ń pa á, oníkálukú rò pé ẹnì kejì ti fún un lóúnjẹ. Láti 2011 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ẹ̀ bọ́ sábẹ́ òrùlé kan, kí board ìpínlẹ̀ máa darí òṣìṣẹ́ àti owó pọ̀. Òfin ìlera 2014 tún ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sílẹ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀, tí díẹ̀ nínú ẹ̀ ń wọ àkáǹtì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tààrà, tí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Nínú gbogbo owó wọ̀nyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ dókítà fámílì sí, ẹ máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Owó wà fún ọ̀dà, fún bẹ́ẹ̀dì, fún sólà. Ilé tí wọ́n kùn dáadáa máa ń yá wọn lára láti ṣí.

Àwọn ibòmíràn ti gbìyànjú ẹ̀. Ní UK, láti 1948 tí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ GP, ìyẹn dókítà fámílì wọn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba rárá, aládàáni ni wọ́n, ìjọba kàn ń bá wọn ṣe àdéhùn ni, gbogbo èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP kan, iye orúkọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú owó ẹ̀ ń tẹ̀ lé. Brazil gba ọ̀nà mìíràn ní 1994: dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ládùúgbò náà tí wọ́n ń wọlé kọ̀ọ̀kan, ikọ̀ kan fún bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí mẹ́rin èèyàn. Èmi ò sọ pé ká da ti wọn kọ o, owó wọn ò sí lọ́wọ́ wa. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí: níbi méjèèjì, dókítà mọ orúkọ àwọn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá bi dókítà kan l'Óṣogbo níbí pé àwọn mélòó tó ní súgà ló wà lábẹ́ ẹ̀, tí mélòó nínú wọn ò sì wá lóṣù tó kọjá, kò ní rí èsì fọ̀, torí ẹni tó bá wá nìkan ló ń rí.

Ti ilé wa náà wà. Ní 2020 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀jẹ̀ ríru ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà 60 l'Ábújá, nọ́ọ̀sì, CHO àti CHEW ló ń tọ́jú àwọn èèyàn níbẹ̀ pẹ̀lú ìlànà kan ṣoṣo: oògùn wo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tí BP ò bá wálẹ̀ kí lẹ máa fi kún un, ìgbà wo lẹ máa fi aláìsàn ránṣẹ́ sókè. Ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà láti 2014 tó fàyè gba kí wọ́n pín iṣẹ́ dókítà kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn. Torí náà kò sẹ́ni tó máa sọ pé CHEW ò lè fún màmá yín ní amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n lè fún un. Ohun tí wọ́n nílò ni ìlànà, oògùn tí kì í tán, àti nọ́ńbà dókítà kan tó máa gbé fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́, torí kì í ṣe ìjọba nìkan. Àwa dókítà náà ní ẹjọ́. Tí dókítà bá ti dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, àga ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ fẹ́ jókòó sí, bẹ́ẹ̀ CHO tàbí nọ́ọ̀sì tó ti wà níbẹ̀ ọdún méjìlá ló gba ọmọ ìdajì àdúgbò, òun ló mọ ilé ẹni tí ò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, òun ló mọ ọkọ tí ò jẹ́ kíyàwó lọ ṣe fètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ fi dókítà ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lé e lórí lọ́jọ́ kan, ìjà ti dé nìyẹn, kàkà kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọ́n á máa kọ̀wé sí board lórí ara wọn. Ìjà ta ni ọ̀gá láàárín dókítà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù nílẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ ọ nígbà ìyanṣẹ́lódì. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ń ṣe ọ̀gá ibẹ̀ máa ṣe ọ̀gá ẹ̀ lọ, ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́, òṣìṣẹ́, owó, ìwé. Kí dókítà fámílì jẹ́ olùkọ́ àti alábẹ̀wò: kó wá lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, kí wọ́n ti kó àwọn tó le sílẹ̀ dè é, kó wò wọ́n níṣojú CHEW kí CHEW rí bó ṣe ń ronú, kó yẹ ìwé àwọn tí BP wọn ò wálẹ̀ wò, kó sì lọ. Ní ọjọ́ mẹ́rin yòókù, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mìíràn ló wà. Dókítà tí ò bá lè fara da kí CHO bi í ní ìbéèrè níwájú aláìsàn, kó má forúkọ sílẹ̀ rárá.

L'Óṣogbo gan-an, ó yẹ kí èyí rọrùn ju ibòmíràn lọ, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ọsibítù ńlá tó ń kọ́ dókítà wà láàárín ìlú, Ọsibítù Ìjọba Asubiaro wà, ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá pín ìlú mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀kadà ò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ibì kan síkejì. Àwọn rẹ́sídẹ́ńtì fámílì gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ láàárín ará ìlú gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ wọn. Tí Teaching àti board ìpínlẹ̀ bá jókòó tí wọ́n kọ àdéhùn, pé rẹ́sídẹ́ńtì wọ̀nyí, pẹ̀lú kọ̀ǹsọ́tántì tó ń ṣọ́ wọn, á máa yí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ̀nyí po, ìjọba ò ní gba òṣìṣẹ́ tuntun kan, owó mọ́tò àti àláwáǹsì díẹ̀ ni. Fún àwọn abúlé ọ̀nà Ìkìrun tó jìnnà, kí wọ́n bá dókítà aládàáni tó wà nítòsí ṣàdéhùn ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí ò yẹ̀ sàn ju dókítà tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú ìlù tó sì sálọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Owó ńkọ́? Òfin NHIA, àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ti 2022 ti sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan, ìpínlẹ̀ wa sì ní ètò tiwa, O'HIS. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ máa yan ilé ìwòsàn kan, wọ́n á máa sanwó nítorí yín fún ilé ìwòsàn yẹn lóṣooṣù yálà ẹ wá o, ẹ ò wá o. Ìyẹn dáa, torí á wu ilé ìwòsàn pé kára yín le. Àmọ́ ó ní ọgbọ́n àrékérekè nínú: ẹlòmíràn á kó orúkọ jọ, á gbowó, tẹ́ ẹ bá dé á ní oògùn ti tán, ẹ lọ rà á níta. Torí náà, tí ìjọba bá fẹ́ fi owó yìí bá dókítà fámílì dòwò pọ̀, kí wọ́n má kan máa ka iye èèyàn tó wọlé. Kí wọ́n mú ogún orúkọ nínú ìwé, kí wọ́n pe fóònù wọn, kí wọ́n wo BP wọn láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Mélòó ló wálẹ̀? Ìyẹn ni kí wọ́n fi san àfikún.

Nǹkan kan tó kù tí kò ní ná ìjọba lówó rárá, tí wọn ò sì ṣe, ni líẹ́tà àbọ̀. CHEW á kọ̀wé pé ẹ gbé màmá yìí lọ sí Teaching. Teaching á tọ́jú wọn, á yí oògùn padà, á ní kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ ìlà mẹ́ta padà sí CHEW pé ohun tá a rí nìyí, oògùn tá a fún wọn nìyí, ẹ máa wo BP wọn lọ́dọ̀ yín, ẹ dá wọn padà tó bá ju báyìí lọ. Nígbà tí líẹ́tà ò bá padà, aláìsàn náà ò ní padà, ó ti di ti Teaching títí láé nìyẹn. Mo ti rí fáìlì tó nípọn bí ìwé àdúrà tí kò sí líẹ́tà kan ṣoṣo tó padà sílé nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láì dúró de ìjọba rèé. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún lọ sí Teaching, ẹ bi dókítà bóyá ara màmá ti dúró débi tí wọ́n lè máa wo BP àti súgà wọn ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí wọ́n wá máa wá sí Teaching lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà fún làábù àti àyẹ̀wò ojú àti ẹsẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ orúkọ oògùn àti iye tó yẹ kí BP wà. Ẹ ra ìwé ẹ̀kọ́ kan, kí gbogbo nọ́ńbà máa wọnú ẹ̀, ẹni tó bá wo màmá yálà CHEW tàbí kọ̀ǹsọ́tántì, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì O'HIS, ẹ béèrè bóyá ètò ọ̀fẹ́ ti àwọn àgbà àti aláìní lè gba màmá, ẹ sì bi wọ́n dáadáa, ṣé àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ àbí oògùn wà ńbẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà o. Tí ẹnu wọn bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́, tí àyà ń dùn wọ́n tàbí tí wọn ò lè mí dáadáa, ẹ gbé wọn lọ sí emergency tààrà. Tí wọ́n bá ń làágùn, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn súgà láì jẹun, ẹ fún wọn ní nǹkan dídùn tí wọ́n bá ṣì lè gbé e mì, kẹ́ ẹ sì gbé wọn lọ.

Àti ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ lọ sí ìpàdé wọn, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè kan: tí BP èèyàn bá kọ̀ tí ò wálẹ̀ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yìí, dókítà wo lẹ̀ ń pè? Tí wọ́n bá dárúkọ, ẹ gba ọjọ́ tó ń wá. Tí wọn ò bá rí ẹnikẹ́ni dárúkọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí alága àti ọ̀gá hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan lọ sí board ìpínlẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín.